Ìfẹ́ Tí Kò Gbọ́ “Rárá”: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi fẹ́ ọkùnrin kan tí kò fẹ́ mi. Ìbàdàn ni mo ń gbé nígbà náà. Mò ń ṣiṣẹ́, mò ń jẹun, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ọkàn mi kò sí nínú ọ̀kankan wọn. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́ síta ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí ní ìbéèrè, mo sì kó èyí tí wọ́n ń bi mí jù jọ síbí. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí ojú mi rí, ohun tí mo kà, àti ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó jẹ́ alárinà ní Ìsẹ́yìn, fi yé mi ni mo kọ sílẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ohun tó ń ṣe mí ti kọjá ìfẹ́?

Ẹ wo ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín. Ìfẹ́ a máa gba ọkàn ènìyàn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń fi oorun, oúnjẹ àti iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Èyí tí mò ń sọ kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ ó ta jí ní agogo mẹ́ta òru, orúkọ ẹni náà ni yóò kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn. Ẹ ó máa yẹ àtẹ̀jíṣẹ́ kékeré kan wò síwá sẹ́yìn, pé kí ló dé tó fi kọ “ó dáa” lónìí nígbà tó jẹ́ pé “ó dáa o” ló kọ lánàá. Ẹ ó máa gba ọ̀nà tó jìn kí ẹ lè kọjá níwájú ibi iṣẹ́ rẹ̀. Èmi a máa wọ ọkọ̀ láti Mókọ́lá lọ sí Bódìjà, láìsí ohun tí mo fẹ́ rà níbẹ̀, màá sì tún wọ òmíràn padà.

Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Dorothy Tennov, sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1979: limerence ló pè é. Ó fọ̀rọ̀ wá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu wò, ó sì rí i pé nǹkan méjì ló ń bọ́ irú ìfẹ́ yìí, ìrètí àti àìdánilójú. Bí ìrètí bá tán pátápátá, iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí ẹni náà bá sì gbà tọkàntọkàn, á rọlẹ̀, á di ìfẹ́ bíi ti gbogbo ayé. Àárín méjèèjì ló ti ń jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí? Àwọn baba ńlá wa mọ irú ìfẹ́ báyìí bí?

Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ fetí sí èdè wa fúnra rẹ̀: ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó ń kú lọ lórí rẹ̀, wọ́n ti fún un jẹ. Kí ìwé kíkọ tó dé, àrókò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ ìfẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹẹ́fà ni. Bí ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí bá gbà, mẹ́jọ ni yóò dá padà: ẹẹ́jọ, ọkàn wa jọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àrókò yẹn ṣe ń rìn. Kì í dá rìn. Ẹnìkan ló gbé e lọ, ẹnìkan ló sì gbé èsì rẹ̀ bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ètò ìgbéyàwó wa rí. Ẹbí á fojú sóde, wọ́n á rí ọmọbìnrin kan, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìwádìí: ṣé kò sí wèrè nílé wọn, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wárápá, ṣé wọn kì í jalè, ṣé wọn kì í jẹ gbèsè. Wọ́n á bi Ifá. Lẹ́yìn èyí ni alárinà á tó gbéra.

Aṣọ òfì ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń tà, Ìsẹ́yìn sì ni ìlú aṣọ òfì, nítorí náà kò sí agbo ilé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé iṣẹ́ alárinà kò ju kó mú ọ̀rọ̀ dídùn lọ, kó sì mú ọ̀rọ̀ dídùn bọ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ló sọ fún mi pé apá tó le jù nínú iṣẹ́ náà ni ọjọ́ tí èsì bá jẹ́ rárá. Òun ni yóò padà wá sọ ọ́. Á jókòó, á ní kí wọ́n pe ọmọkùnrin náà àti ìyá rẹ̀, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé wọ́n ní kò ṣeé ṣe, kí ẹ yọwọ́. Ọmọkùnrin náà lè sunkún. Ó lè má jẹun fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gbọ́, bàbá rẹ̀ ti gbọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí ẹni tí yóò bá a gbé ìrètí náà mọ́.

Wọ́n ní obìnrin kì í gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ní rárá, ṣé kì í ṣe pé ó ń dán mi wò?

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń bi mí jù nìyí, òun náà ló sì ń bà mí nínú jẹ́ jù, nítorí inú àṣà wa ni wọ́n ti mú un.

Òótọ́ ni pé ọmọbìnrin kì í dáhùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó lè yí ojú padà, ó lè fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ọjọ́ tó bá là á lẹ́nu pé òun gbà ni wọ́n ń pè ní ìjọ́hẹn, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìṣíhùn, ọkùnrin sì gbọ́dọ̀ mú nǹkan wá láti fi dúpẹ́ pé ohùn náà ṣí. Kí wọ́n má baà sọ pé ó yá ojú ni ọmọbìnrin ṣe ń fà sẹ́yìn, kí ẹbí rẹ̀ sì lè rí àyè wádìí.

Àmọ́ ta ló ń túmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ náà? Kì í ṣe ọkùnrin tí ara rẹ̀ ń gbóná. Alárinà ni. Òun ló máa ń jókòó ti ìyá ọmọbìnrin náà lẹ́yìn ààrò, òun ló máa ń bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè lọ́nà odò. Ó mọ “kò tíì yá” yàtọ̀ sí “kò lè ṣeé ṣe láé”. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀kejì ni, á fòpin sí i. Àwa ti lé ẹni tó ń túmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ lọ, a wá fi ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò lè túmọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan yóò wà nínú yàrá rẹ̀ ní Yábàá ní òru, òun nìkan, yóò máa túmọ̀ ìdákẹ́jẹ́ obìnrin tí kò fẹ́ ẹ, ìtumọ̀ tó wù ú ló sì máa rí níbẹ̀.

Wọ́n á tún máa pa òwe fún ara wọn pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Iṣẹ́ ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Obìnrin kì í ṣe àpáta, kò sì sí ohun tí àáké ń wá lára rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé rárá, rárá ni. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ yí ọkàn padà, ó mọ nọ́ńbà yín. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò pè.

Mo sì fẹ́ bá àwa obìnrin náà sọ̀rọ̀. “Jẹ́ kí n rò ó” tí a ń fi ṣàánú ènìyàn kì í ṣe àánú. Bó bá ti dá wa lójú pé a kò fẹ́, ká sọ ọ́ kó yé e. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń fọ̀rọ̀ falẹ̀ nítorí ẹ̀rù, torí pé ọkùnrin tí wọ́n sọ rárá fún rí ti gbé ọwọ́ sókè sí wọn. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Kó wá ibi ààbò ná.

Ṣé àwọn ọkùnrin nìkan ló máa ń ṣe ni?

Rárá. Obìnrin ni mí, ó sì ṣe mí. Ti obìnrin kì í tètè hàn ni, nítorí pé ó máa ń jọ sùúrù. A ó máa gbààwẹ̀ lé e lórí, a ó máa se oúnjẹ ránṣẹ́ sí i, a ó máa bá ìyá rẹ̀ lọ ọjà, gbogbo ènìyàn á sì máa yìn wá pé ọmọ dáadáa ni wá. Kò sí ẹni tó yìn mí tó bi mí pé ọkùnrin náà ńkọ́, kí ló sọ.

Ìgbà wo gan-an ni nǹkan yí padà?

Kì í ṣe ọjọ́ kan. Ní Èkó, àwọn òyìnbó ṣe Òfin Ìgbéyàwó ní 1884, àwọn ọ̀mọ̀wé tó jẹ́ ọmọ ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìgbéyàwó alárédè, ọkọ kan aya kan. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Kòkó sọ oko di owó. Ọmọkùnrin tó bá ti ń gba owó oṣù nídìí réluwéè, tàbí tó ní oko kòkó tirẹ̀, lè san owó orí ìyàwó fúnra rẹ̀ láì dúró de bàbá rẹ̀. Nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ sì dé, obìnrin tí wọ́n fún ní ọkọ tí kò fẹ́ lè lọ síbẹ̀ láti kọ̀ ọ́, kí ẹni tó fẹ́ gan-an sì dá owó orí padà fún ọkọ àtijọ́. Lẹ́yìn èyí ni ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìfẹ́, lẹ́yìn náà ni fóònù.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló tú ìdè kan. Mi ò lè bú wọn. Àmọ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé ni àgbàlagbà kan ń kúrò láàárín àwọn méjì tó ń fẹ́ra. Àwọn baba wa ní bí ọkọ àti ìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀ba. Nísinsìnyí, alárinà ti yẹ̀ba kí wọ́n tó rí ojú ara wọn rárá.

Ẹ wo ọjọ́ ìdána. Mo fẹ́ràn ọjọ́ náà púpọ̀, omi máa ń bọ́ lójú mi. Alága ìdúró á ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà, àwọn sì wá já a. Alága ìjókòó á ní òdòdó wo nínú èyí tó pọ̀ tó báyìí. Ọkọ àti ìyàwó náà ti ń fẹ́ra fún ọdún márùn-ún, wọ́n ti jọ ra fìríìjì. Ìwádìí, ìbéèrè, ìjọ́hẹn, gbogbo rẹ̀ ni a ṣì ń ṣe lọ́jọ́ náà bó ṣe yẹ, pẹ̀lú orin àti ìdọ̀bálẹ̀. Ọdún márùn-ún tó ṣáájú, nígbà tí ọkàn ń gbóná tí kò sì sí ìdánilójú, ni kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti fún mi jẹ ni?

Mi ò ní fi yín ṣẹ̀sín. Èmi náà rò ó. Nígbà tí ènìyàn kò bá lè jáwọ́ nínú ohun tó mọ̀ pé ó ń pa òun lára, ó máa ń dà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀.

Ní 1999, Donatella Marazziti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pisa, ní Ítálì, yẹ ẹ̀jẹ̀ ogún ènìyàn wò tí ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lára. Wọ́n fi wọ́n wé ogún ènìyàn tó ní àìsàn tí í mú èrò kan ṣoṣo dà síni lọ́kàn láìdúró, àti ogún mìíràn tí nǹkan kan kò ṣe. Nǹkan tó ń gbé serotonin, ọ̀kan lára èròjà tó ń mú ọkàn wà létòlétò, lọ sílẹ̀ lára àwọn olólùfẹ́ bó ṣe lọ sílẹ̀ lára àwọn aláìsàn. Nígbà tí wọ́n tún yẹ díẹ̀ nínú àwọn olólùfẹ́ náà wò ní oṣù méjìlá sí méjìdínlógún lẹ́yìn náà, ó ti padà bó ṣe yẹ. Ìwádìí kékeré ni, n kò fi ṣe ẹ̀rí ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kà á, ara tù mí. Ara ènìyàn lè ṣe èyí fúnra rẹ̀, ó sì lè bọ́ nínú rẹ̀.

Nǹkan méjì ló ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ “fún un jẹ”. Àkọ́kọ́, ẹ̀sùn ni, obìnrin ló sì sábà máa ń já lé lórí: ọmọkùnrin kò jáwọ́, ẹbí rẹ̀ á ní obìnrin náà ló sè é mọ́ ọbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé obìnrin náà ń wá ọ̀nà láti sá fún un. Èkejì, ó máa ń mú kí ènìyàn náà lọ wá oògùn ìfẹ́ tirẹ̀. Mo mọ ẹni tó fi owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ra ọṣẹ. Mo mọ ẹni tó gbé nǹkan mì tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tó fi dé ilé ìwòsàn. Àwọn mìíràn gba ilé àdúrà lọ, wọ́n sì sọ fún wọn pé ọkọ ọ̀run ló ń dí wọn lọ́wọ́. Mò ń gbàdúrà, mo sì gbàgbọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà tí a ń gbà kí Ọlọ́run yí ọkàn ẹnìkan padà nípá, ọ̀nà mìíràn láti má gbọ́ rárá ni.

Fóònù ńkọ́?

Ẹ pa á tì, pàápàá ní òru. WhatsApp á sọ fún yín pé ó wà lórí ìlà ní agogo kan òru, kò ní sọ ohun tó ń ṣe, ọkàn yín ni yóò sì parí ìtàn náà. Àìdánilójú tí mo dárúkọ lókè yẹn, inú fóònù ló pọ̀ sí jù.

A fẹ́ràn ara wa, ṣùgbọ́n AS ni mí, AS náà sì ni. Àwọn òbí wa kọ̀.

Ẹ pẹ̀lẹ́. Èyí yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí mo ti ń sọ, nítorí ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbà, mi ò sì fẹ́ kí ẹ̀yin tó wà nínú rẹ̀ rò pé ẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ìwádìí àwọn baba wa ló tún dé lọ́nà mìíràn. Wọ́n ń béèrè wárápá àti ẹ̀tẹ̀ nígbà náà. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìjọ kò ní so ènìyàn pọ̀ láì rí ìwé genotype. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ náà jẹ́ SS, ìyẹn kó ní àìsàn sickle cell. Àwọn kan rò pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀. Kí àwọn ènìyàn tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí àbíkú.

Ohun tí mo máa sọ ni pé ẹ lọ rí àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí genotype nílé ìwòsàn, ẹ̀yin méjèèjì papọ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí ìjà òbí di ohun tó so yín pọ̀. Mo ti rí àwọn méjì tó jẹ́ pé ogun tí wọ́n ń bá ilé jà ló gbé wọn ró. Ọjọ́ tí ilé gbà, wọ́n wo ojú ara wọn, ọ̀rọ̀ tán. Mo sì ti rí àwọn tó pínyà nítorí genotype, tí ọ̀kan nínú wọn kò tíì jáwọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, torí pé kò sí ẹni tó kọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò kí wọ́n bá a ṣọ̀fọ̀ gidi, bí ìgbà tí ènìyàn kú. A kì í bá a ṣe é. À ń sọ fún un pé Ọlọ́run á pèsè òmíràn.

Ẹnìkan ń tẹ̀lé mi kiri. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, kó wà nínú ìwé tàbí àtẹ̀jíṣẹ́, pé ẹ kò fẹ́, kó má sì kàn sí yín mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ má dáhùn mọ́, ì báà ṣe èébú. Bí ẹ bá dáhùn lẹ́yìn tó ti pè nígbà ogójì, ohun tó kọ́ ni pé ogójì ni iye tó yẹ kí òun pè. Ẹ má pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Ẹ tọ́jú wọn, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé, ẹ sọ fún gáàdì ibi iṣẹ́. Ìtìjú ni wọ́n fi ń mú wa.

Òfin wà. Òfin tó tako ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP, ti ọdún 2015, dárúkọ títẹ̀lé ènìyàn kiri gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀. Abùjá ló ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Ní ọdún kan náà ni òfin Cybercrimes dé, òun náà sì kan ẹni tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì halẹ̀ mọ́ni. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ lórí ìwà ipá abẹ́lé láti 2007, tí kóòtù lè fi kọ ìwé pé kí ẹni náà má sún mọ́ yín, DSVA, àjọ ìpínlẹ̀ náà tó ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ìbálòpọ̀ tipátipá, sì ń bá ènìyàn rìn í. Mi ò ní tan yín: ẹ lè pàdé ẹni tí yóò ní “ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé”. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan níwájú ẹni tó yẹ kó gbà á sílẹ̀. Ẹ mú ẹnìkejì dání, ẹ béèrè fún ọ̀gá, ẹ má padà sílé láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹbí bá sì ní ká pe ìpàdé, ìpàdé dára, bó bá jẹ́ láti sọ rárá náà níwájú àwọn àgbà rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ láti bẹ̀ yín pé kí ẹ “fún un láyè”, ẹ má lọ.

Ìlú London ni mo wà.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títẹ̀lé ènìyàn kiri ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin dárúkọ láti 2012. Ẹ lọ bá ọlọ́pàá. Kò dìgbà tí àwọn ará ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá fọwọ́ sí i.

Ó ń ṣe mí bíi pé màá kú bí kò bá gbà.

Ẹ dákun, ẹ má dá wà lálẹ́ òní. Ẹ pe ẹnìkan wá, ẹni yòówù tó lè jókòó tì yín láì bú yín, ẹ sì sọ gbólóhùn yìí fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Bí nǹkan tí ẹ lè fi pa ara yín lára bá wà nínú ilé, ẹ ní kó gbé e lọ. Bó bá le, ẹ pe 112 tàbí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù.

Mo mọ ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó sọ ẹni tó gbìyànjú láti para rẹ̀ di ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Àmọ́ ẹni tó ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún dókítà kò tíì dẹ́ṣẹ̀ kankan. Ẹ sọ ọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ, bà yín lẹ́rù. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú ìbátan wọn, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Gbogbo ayé wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọkàn tó dàrú kì í dá nìkan sàn. Ẹni tó ń lọ síbẹ̀ lónìí nítorí ìfẹ́ kò lọ sí ibi ìtìjú.

Ṣé kí á padà sí ti àtijọ́ ni?

Rárá. Nínú ètò àtijọ́ yẹn, wọ́n ti fún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní ọkọ tí wọn kò fẹ́, ohùn tó sì ṣí lọ́jọ́ ìjọ́hẹn lè má jẹ́ ohùn tiwọn. Wọ́n ṣú opó lópó bí ẹni jogún oko. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, ọjọ́ tí ìyàwó ń lọ ilé ọkọ ló máa ń sun ẹkún ìyàwó, bí ẹ bá sì tẹ́tí sí àwọn kan nínú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìbẹ̀rù tí kò rí ibòmíràn sọ ọ́. Mi ò fẹ́ ìyẹn fún ọmọ mi.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju ẹnìkan lọ: ẹni tó dàgbà, tí àwọn méjèèjì fọkàn tán, tó lè mú ìbéèrè lọ, kó sì mú èsì bọ̀, ì báà korò. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́, ó lè jẹ́ ìyàwó pásítọ̀ tí ẹnu rẹ̀ pa mọ́.

Báwo ni ẹ̀yin ṣe bọ́?

Mo ti ṣe nǹkan kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni: mo ti ní kí wọ́n hun aṣọ òfì ìgbéyàwó mi. Ọkùnrin náà kò tíì dẹnu kọ mí rí. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó máa ń gbà oúnjẹ lọ́wọ́ mi, bí mo bá ṣàìsàn ó máa ń pè. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ rárá. Mo sì lọ sí Ìsẹ́yìn, mo san owó, wọ́n hun ún.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rí i nínú ilé ahunṣọ. Ó bi mí pé, “Àdùkẹ́, ta ni o dá aṣọ yìí fún?” Mo dárúkọ rẹ̀. Ó ní, “Kí ló wí?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bó ṣe rẹ́rìn-ín, bó ṣe pè. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá tún un bi: “Kí ló wí?”

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá arúgbó, ó lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Bódìjà. Mi ò mọ gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ. Ó padà dé ilé mi lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ní kí n pe ẹni tí mo bá fọkàn tán wá, mo pe àbúrò mi. Ó jókòó, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó ní òun kò fẹ́, òun kò sì ní fẹ́, inú rere lásán ni. Yọwọ́.

Mo sunkún di òwúrọ̀. Àbúrò mi pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́ nínú fóònù mi, ó sì sùn tì mí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò gba Bódìjà kọjá fún ọdún kan, ì báà jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà yá. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́rìnlá kí n tó jí lọ́jọ́ kan, kí n ti fọ ẹnu, kí n ti jẹ ẹ̀kọ, kí n ti dé ibi iṣẹ́, kí n tó rántí pé mi ò tíì ronú kàn án.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá mi ta aṣọ náà fún ìyàwó kan tó ń lọ sí Òkè-Ihò. Ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kò yọ èrè, mo sì fi san owó ilé oṣù mẹ́fà.